Ọba inú fíìmù “300” àti ọkọ Ẹ́sítérì

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọ wa ta aṣọ funfun sí ara ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n sì wo fíìmù ogun tí a ń pè ní “300”. Nígbà tí ó parí, ẹni tí ó ń darí ìpàdé dìde, ó sì fi ohun tí a wò ṣe ìwàásù kúkúrú. Ó ní Leonidas, ọba Sparta, dúró fún Kristẹni tí kì í sá lójú ogun. Ó ní Xerxes, ọba Páṣíà, dúró fún Sátánì tí ó ń pè wá pé kí a wá kúnlẹ̀ fún òun. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan tí ó wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ni ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ má bínú o, olórí ọ̀dọ́ wa. Ọba Páṣíà tí ẹ dárúkọ yìí, ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n ní ó fẹ́ Ẹ́sítérì? Bí òun bá jẹ́ Sátánì, ìyàwó ta ni Ẹ́sítérì wá jẹ́?”

A wà níbẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ìpàdé sì tú, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá náà bá wa dé ilé. Òótọ́ ni ó sọ, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, kí àwọn àlùfáà, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti àwọn òbí lè mọ ohun tí ó wà nínú fíìmù náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ojú ogun gan-an, àti ohun tí Bíbélì mọ̀ nípa ọba tí wọ́n sọ di ẹ̀mí èṣù yìí.

Bí fíìmù náà ṣe wáyé

Zack Snyder ni ó darí “300”, ó sì dé àwọn ilé sinimá ní oṣù Kẹta ọdún 2007. Inú ìwé tí a fi àwòrán sọ ìtàn ni ó ti mú un, èyí tí Frank Miller kọ tí ó sì yà ní ọdún 1998, tí Lynn Varley sì bá a kùn ní àwọ̀. Miller fúnra rẹ̀ ti rí fíìmù kan tí ó ṣáájú, “The 300 Spartans” ti ọdún 1962, nígbà tí ó wà ní ọmọdé, kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Nítorí náà, fíìmù tí ó jáde láti inú ìwé àwòrán ni àwọn ọ̀dọ́ wa wò, ìwé àwòrán náà sì ní fíìmù mìíràn lẹ́yìn, kí a tó kan Herodotus, òpìtàn àtijọ́ tí ó kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀. Inú ilé ìyàwòrán ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ búlúù ni ó wà lẹ́yìn àwọn òṣèré. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya òkè, òkun àti ojú ọ̀run sí i. Owó tí ó pa kọjá 450 mílíọ̀nù dọ́là.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùwò kì í fi ọkàn sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ ogun kan tí ó ti fọ́ lójú kan, Dilios, ni ó ń sọ ìtàn náà. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ọkàn wọn lè gbóná kí wọ́n tó wọ ìjà mìíràn ní Plataea. Àwọn ẹranko abàmì àti òmìrán inú fíìmù náà, ẹnu Dilios ni gbogbo wọn ti jáde. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àgbà tí ń sọ ìtàn ogun ìlú rẹ̀ mọ̀ bí ọ̀tá ṣe máa ń ga sí i ní ọdọọdún. Àwọn tí ó ṣe fíìmù náà kò fi èyí pamọ́. Àwa tí a wò ó ni a gbàgbé.

Herodotus pàápàá mọ ẹnì kan tí ojú ń dùn ní Thermopylae. Aristodemus ni orúkọ rẹ̀. Ojú ń dun òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Eurytus, ọba sì ti yọ̀ǹda wọn kúrò lójú ogun. Eurytus ní kí ẹrú òun fa òun lọ́wọ́ padà sínú ìjà, ó sì kú níbẹ̀. Aristodemus lọ sí ilé. Nígbà tí ó dé Sparta, kò sí ẹni tí ó fún un ní iná, kò sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀, Ojo ni wọ́n sì ń pè é. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó lọ kú ní Plataea bí ẹni tí ń wá ikú kiri. Ẹ̀dá ènìyàn gidi nìyẹn. Fíìmù náà mú un, ó wẹ ìtìjú kúrò lára rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di akọni tí ń sọ ìtàn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Thermopylae

Ní ọdún 490 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Dáríúsì ọba Páṣíà rán ogun sí àwọn Gíríìkì, àwọn ará Átẹ́nì sì lé wọn padà ní Marathon. Ọmọ rẹ̀ Xerxes ni ó tún gbé ogun náà dìde ní ọdún 480. Ó to ọkọ̀ ojú omi jọ, ó fi wọ́n ṣe afárá lórí ọrùn òkun Hellespont kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ìjì já afárá àkọ́kọ́, Herodotus sì sọ pé ọba pàṣẹ kí a na òkun náà ní pàṣán 300. Òpìtàn kan náà ka àwọn tí ó tẹ̀lé ọba sí mílíọ̀nù 5 ó lé. Àwọn onímọ̀ òde òní kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi iye ọmọ ogun náà sí àárín 100,000 àti 300,000, èyí tí ó ti pọ̀ tó láti bo ilẹ̀.

Thermopylae túmọ̀ sí Ẹnu Ọ̀nà Gbígbóná, nítorí omi gbígbóná tí ń sun níbẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni, òkè ní ọwọ́ kan, òkun ní ọwọ́ kejì. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ lónìí yóò ṣe kàyéfì ibi tí ọ̀nà tóóró náà wà, nítorí pé ẹrẹ̀ tí odò ń kó wá ti ti òkun jìnnà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Nígbà náà, ibi tí ogun ńlá kò ti lè lo ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà wa ní ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé”. Àwọn Gíríìkì tí ó kọ́kọ́ dúró níbẹ̀ tó 7,000, láti oríṣiríṣi ìlú. Àwọn 300 jẹ́ apá tí ó ti Sparta wá pẹ̀lú ọba wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìjà náà gbà. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin agbègbè náà kan tí ń jẹ́ Ephialtes, tí ó ń retí ẹ̀bùn, fi ọ̀nà kan lórí òkè han àwọn ará Páṣíà. Fíìmù náà sọ ọ́ di ọmọ Sparta abuké tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé àbùkù ara ni ó ń bí ọ̀dàlẹ̀. Herodotus kò sọ ohun kan nípa abuké. A kò fẹ́ kí àwọn abirùn inú ìjọ wa jókòó gbọ́ irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ láti orí pẹpẹ.

Nígbà tí Leonidas mọ̀ pé wọ́n ti yí òun ká, ó dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn Gíríìkì padà. Nínú fíìmù, Sparta nìkan ni ó kù. Nínú ìtàn, 700 ọkùnrin láti Thespiae kọ̀ láti lọ, wọ́n sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìlú kékeré ni Thespiae; ẹ rò ó wò, kí 700 ọkùnrin kú ní ọjọ́ kan láti irú ìlú bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ère Leonidas kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1955. Ọdún 1997 ni àwọn ará Thespiae tó rí ti wọn gbà. Àwọn 400 láti Thebes náà wà níbẹ̀, àti àwọn ẹrú tí Sparta kó wá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú. Fíìmù náà kún fún igbe òmìnira. Bẹ́ẹ̀ sì ni Sparta jẹ́ ìlú tí àwọn ẹrú inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hélọ́ọ̀tì, pọ̀ ju àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn ni wọ́n ń ro oko kí ọmọ Sparta lè ráyè kọ́ ogun jíjà. Ní Plataea, Herodotus kọ ọ́ pé hélọ́ọ̀tì méje ni ó wà lẹ́yìn ọmọ ogun Sparta kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a ti kó ènìyàn lẹ́rú kọjá òkun kò gbọdọ̀ fo ojú ìwé yẹn.

Àwọn ikọ̀ tí wọ́n tì sínú kànga

Ìran tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù nínú fíìmù náà ni ìgbà tí ikọ̀ ọba Páṣíà dé Sparta, tí Leonidas sì fi ẹsẹ̀ tì í sínú kòtò jíjìn. Peter Mensah, ọmọ bíbí ilẹ̀ Gánà, ni ó ṣe ikọ̀ náà. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ń sọ yìí, igbe ayọ̀ sọ ní gbọ̀ngàn nígbà tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú náà ré sínú ọ̀gbun. Inú wa kò dùn, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ìdí rẹ̀ dáadáa nígbà náà.

Herodotus sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Àwọn ará Sparta ti ikọ̀ sínú kànga lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ikọ̀ Dáríúsì ni, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú Thermopylae. Kò dùn mọ́ wọn nínú lẹ́yìn náà. Láàárín gbogbo ènìyàn ayé ìgbà náà, ẹni ọ̀wọ̀ ni ikọ̀, a kì í pa á. Àwọn ará Sparta rí i pé ẹbọ àwọn kò gbà mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ìpàdé léraléra: ta ni yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ san gbèsè yìí? Àwọn ọmọ ọlọ́lá méjì, Sperthias àti Bulis, yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n rìn lọ sí Ṣúṣánì kí ọba Páṣíà lè pa wọ́n dípò àwọn ikọ̀ tí ó kú. Xerxes ti wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ó kọ̀ láti pa wọ́n. Ó ní òun kò ní ṣe bí àwọn ará Sparta tí wọ́n rú òfin gbogbo ènìyàn, òun kò sì ní fi ikú àwọn méjì yìí tú Sparta sílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi rẹ̀. Ó dá wọn padà sí ilé ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àpèjúwe fún ìwàásù, ẹ wo ohun tí ó wà níbẹ̀: ẹ̀bi tí kò jẹ́ kí ìlú sùn, ọkùnrin méjì tí wọ́n gbà láti kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, àti ọba tí ó dárí jì. Gbogbo rẹ̀ ni fíìmù náà fi tàpá kan ṣoṣo rọ́pò.

Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ Xerxes di ẹni mímọ́. Òpìtàn kan náà sọ pé ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Pythius, tí ọmọ rẹ̀ márùn-ún wà nínú ogun, bẹ ọba kí ó fi àkọ́bí sílẹ̀ fún òun. Ọba bínú, ó gé àkọ́bí náà sí méjì, ó sì mú kí gbogbo ogun gba àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ikú Leonidas, ó pàṣẹ kí a gé orí òkú rẹ̀. Síbẹ̀, ọba kan náà jókòó sí orí òkè kan ní etí òkun Hellespont, ó wo ogun rẹ̀ tí ó bo ilẹ̀ àti omi, ó sì sunkún, nítorí ó ro ó pé bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá kọjá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò wà láàyè. Mósè ti ronú irú rẹ̀ nínú Sáàmù 90.

Ahaswérúsì

Ọba tí inú rẹ̀ tètè ń ru, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ó máa ń ṣe ohun tí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn fẹ́: ẹni tí ó bá ti ka ìwé Ẹ́sítérì yóò ti dá a mọ̀. Khshayarsha ni àwọn ará Páṣíà ń pè é ní èdè wọn. Àwọn Gíríìkì gbọ́ ọ bí Xerxes. Àwọn Hébérù gbọ́ ọ bí Akhashverosh, èyí tí ó di Ahaswérúsì nínú Bíbélì wa. Ó jọba láti ọdún 486 títí di 465. Ìyá rẹ̀, Atossa, jẹ́ ọmọ Kírúsì, ọba tí ó dá àwọn Júù sílẹ̀ kúrò ní ìgbèkùn Bábílónì, tí Àìsáyà 45 sì pè ní ẹni òróró Olúwa. Ọmọ-ọmọ Kírúsì ni wọ́n sọ di Sátánì ní gbọ̀ngàn wa.

Ẹ wo ìṣirò ọdún. Ẹ́sítérì orí 1 sọ pé ní ọdún kẹta ìjọba rẹ̀ ni ọba se àsè ńlá tí ó gba 180 ọjọ́, tí Fáṣítì sì pàdánù adé rẹ̀. Ọdún 483 nìyẹn. Orí 2 sọ pé ní oṣù kẹwàá ọdún keje ni wọ́n mú Ẹ́sítérì wọlé tọ̀ ọ́ lọ, èyí tí ó bọ́ sí ìparí ọdún 479 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 478. Kí ni ọba ń ṣe láàárín? Ìwé Ẹ́sítérì kò sọ, ṣùgbọ́n ìtàn Gíríìsì sọ: ó wà lójú ogun. Thermopylae bọ́ sí àárín orí 1 àti orí 2. Lẹ́yìn Thermopylae, ó jó Átẹ́nì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun rẹ̀ fọ́ ní Salamis ní ọdún 480 náà, wọ́n sì ṣẹ́gun ọmọ ogun tí ó fi sílẹ̀ ní Plataea ní 479. Ọba tí a ṣẹ́gun, tí ó padà sí ilé, ni ọmọbìnrin Júù aláìní òbí náà pàdé. Dáníẹ́lì 11:2 pẹ̀lú mẹ́nu kan ọba Páṣíà kẹrin tí ọrọ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, tí yóò sì ru gbogbo ènìyàn sókè sí Gíríìsì. Ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ gbà pé òun ni.

Ìṣòro kan kù, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ fún àwọn olùkọ́. Ìtumọ̀ Ẹ́sítérì àtijọ́ ní èdè Gíríìkì pe ọba náà ní Artaxerxes. Herodotus ní tirẹ̀ dárúkọ ayaba kan, Amestris, kò mọ Fáṣítì tàbí Ẹ́sítérì. Àwọn kan ní Amestris ni Fáṣítì. Àwọn mìíràn kò gbà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ gbà pé Xerxes ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé ní oṣù díẹ̀ ṣáájú “300”, ní ọdún 2006, fíìmù Ẹ́sítérì kan jáde, “One Night with the King”, tí ọ̀pọ̀ ìjọ sì wò. Nínú ìyẹn, Xerxes jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà tí ìfẹ́ ń pa. Nínú “300”, Rodrigo Santoro, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Bràsíl, ṣe é ní abárí pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n wúrà àti òrùka lójú, wọ́n sì fi ọgbọ́n kámẹ́rà sọ ọ́ di òmìrán tí ó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́run. Òkúta tí a gbẹ́ ní Persepolis fi àwọn ọba Páṣíà hàn pẹ̀lú irùngbọ̀n gígùn àti aṣọ tí ó balẹ̀, ohun tí Xerxes fúnra rẹ̀ sì kọ sí ara òkúta ni pé nípa ojú rere Ahuramazda, ọlọ́run rẹ̀, ni òun fi jọba. Abájọ tí ìjọba Ìráànì fi fi ẹ̀hónú hàn ní gbangba ní ọdún 2007. Bí wọ́n bá ya ọba tiwa bẹ́ẹ̀, àwa náà kò ní dákẹ́.

Ẹ́sítérì 1:1 sọ pé ìjọba náà dé Etiópíà. Herodotus rí àwọn ará Etiópíà nínú ogun náà: wọ́n wọ awọ ẹkùn àti ti kìnnìún, wọ́n gbé ọrun gígùn tí a fi igi ọ̀pẹ ṣe, nígbà ìjà wọ́n sì fi ẹfun kun ìlàjì ara wọn, wọ́n fi ohun pupa bí osùn kun ìlàjì kejì. Ó kọ nípa wọn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Nínú fíìmù, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá ni gbogbo aláwọ̀ dúdú wà.

Gídíónì àti ayaba Gorgo

Iye náà, 300, ni ó ń tan àwọn oníwàásù jẹ. A ti gbọ́ ìwàásù tí ó so Leonidas pọ̀ mọ́ Gídíónì bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Nínú Àwọn Onídàájọ́ 7, àwọn 32,000 ni Ọlọ́run dín kù di 10,000, tí ó sì tún dín wọn kù di 300, kí Ísírẹ́lì má baà ṣògo pé ọwọ́ òun ni ó gba òun. Ìpè, ìkòkò òfìfo àti ògùṣọ̀ ni wọ́n gbé dání. Wọ́n kò kú, wọ́n ṣẹ́gun. Àwọn 300 ti Sparta jẹ́ ààyò ọmọ ogun tí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, tí ó sì rí i pé olúkúlùkù ti ní ọmọkùnrin láàyè, nítorí ó mọ̀ pé wọn kò ní padà. Ògo wọn ni pé wọ́n kú. Ìgboyà ni, a kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀, ṣùgbọ́n òdìkejì ìtàn Gídíónì ni.

Bí a bá ń wá ẹni tí a lè fi wé Ẹ́sítérì, Gorgo, aya Leonidas, wà níbẹ̀. Fíìmù náà fún un ní ìran ibùsùn àti ọ̀dàlẹ̀ ìgbìmọ̀ tí kò sí nínú ìtàn. Ohun tí Herodotus kọ nípa rẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Demaratus, ọba Sparta tí a lé kúrò nílùú, wà ní Ṣúṣánì nígbà tí Xerxes ń múra ogun. Ó ha ìda kúrò lórí pátákó ìkọ̀wé, ó kọ ìkìlọ̀ sí ara igi, ó sì tún da ìda bò ó, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà má baà rí i. Nígbà tí pátákó náà dé Sparta, kò sí ọkùnrin tí ó mọ ìdí tí wọ́n fi fi pátákó òfìfo ránṣẹ́. Gorgo ni ó ní kí wọ́n ha ìda náà.

Ní ti wíwò rẹ̀ nínú ìjọ: ìtàjẹ̀sílẹ̀ àti ìhòòhò inú “300” pọ̀ débi pé ní Amẹ́ríkà, wọn kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 láyè láti wọ ilé sinimá wò ó láìsí òbí tàbí alágbàtọ́. A rí àwọn ọmọ ọdún 11 lórí ìjókòó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà. Èyí kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Fún àwọn àgbà ọ̀dọ́, a gbà pé ó sàn kí wọ́n ti ka Ẹ́sítérì orí 1 àti 2 kí wọ́n tó wò ó, kí ẹni tí ó mọ ìtàn sì jókòó tì wọ́n. “300: Rise of an Empire”, tí ó jáde ní ọdún 2014, tún mú ọ̀rọ̀ Salamis wá lọ́nà kan náà, ìkìlọ̀ kan náà ni.

A ti lọ kí ìyá àgbà náà láti ìgbà náà. Ó tún bi wá ní ìbéèrè kan: kí ni ó gbẹ̀yìn ọba náà? A sọ fún un pé ní ọdún 465, nínú ààfin rẹ̀ fúnra rẹ̀, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì pa á. Artasásítà ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, òun sì ni ọba tí Nehemáyà ń gbé ọtí fún ní Ṣúṣánì, tí ó fi ìwé lé e lọ́wọ́ kí ó lọ mọ odi Jerúsálẹ́mù. Ìyá mi orí. Ó ní òun kò mọ̀ pé ìdílé kan náà ni gbogbo wọn.